Ìwé méjì, ọkàn kan: èwo ni kí n gbà gbọ́?

Lẹ́tà mẹ́ta ló wà lórí tábìlì mi lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ọkàn sì ni gbogbo wọn. Èyí tó ti Kétu wá ló gùn jù, òun náà ló sì jẹ́ kí n pẹ́ sùn, nítorí náà òun ni màá kọ́kọ́ dáhùn.

*Màmá Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mo ti ń kọ̀wé, ilé wa ò jìnnà sí Àkàbà Ìdẹ́nà. Gaàrí ni mò ń tà. Mo bí ìbejì, ọkùnrin ni àwọn méjèèjì, wọ́n ti pé ọmọ ọdún 16. Lọ́dún tó kọjá, orúnkún Táyé wú, ó san, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tún wú, ara rẹ̀ sì gbóná. A rò pé ibà lásán ni. Nígbà tó yá, bí àwọn méjèèjì bá jọ ru àpò gaàrí bọ̀ láti ẹ̀rọ, Táyé á sọ tiẹ̀ kalẹ̀ lágbedeméjì ọ̀nà, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, Kẹ́hìndé á sì ti délé. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní ilẹ̀kùn ọkàn ọmọ náà ń jò. Ibi àkọ́kọ́ tí a ti ya àwòrán ọkàn, wọ́n kọ «IM grade 2», wọ́n ní kò le. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n mi ní ká lọ tún un yà ní Kútọnu. Àwọn yẹn kọ «IM grade 3, VC 6 mm, OG dilatée, FE 68 %». Ṣé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọkàn ọmọ mi bàjẹ́ tó báyìí? Àbí ẹnì kan ń purọ́ nínú wọn? Aládùúgbò wa kan tún ní kí n jẹ́ kí wọ́n dá abẹ́rẹ́ oṣooṣù tí wọ́n ń gún un dúró, pé ó ń dun ọmọ náà jù, ara rẹ̀ kò sì gbóná mọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìyá Ìbejì, Kétu.*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú aájò ọmọ, ẹ sì kú ìrìn. Láti Kétu, ká gba Pọ́bẹ̀, ká gba Sákété, ká dé Àjàṣẹ́, ká tó wá máa sọ ti Kútọnu, tòun ti ọmọ tí èémí ò tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Mo mọ ọ̀nà yẹn dáadáa.

Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni purọ́. Mi ò sì rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ba ọkàn Táyé jẹ́. Lójú tèmi, ìwé kejì ló sún mọ́ òótọ́, ohun tó sì jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré kan tí ẹ̀yin fúnra yín dà kọ: «OG dilatée». A ó dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ilẹ̀kùn tí à ń sọ. Mẹ́rin ni ilẹ̀kùn ọkàn. Nínú «IM» tí wọ́n kọ, «I» (insuffisance) ni jíjò, «grade» sì ni ìpele bó ṣe le tó. Ilẹ̀kùn tí lẹ́tà «M» (mitrale) dúró fún wà lápá òsì, láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀. Ewé méjì ló ní, àwọn tó sì fún un lórúkọ ní ó jọ fìlà bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì lọ́jọ́ ọdún, ẹ yí fìlà orí rẹ̀ dojú bolẹ̀ lọ́kàn yín: bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tó ti inú ẹ̀dọ̀fóró bọ̀ á gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀kùn á pa dé, yàrá ìsàlẹ̀ á fún ara rẹ̀ pọ̀, á ti ẹ̀jẹ̀ náà jáde sí gbogbo ara. Bí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́, ohun tí ọkàn rẹ̀ ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan tó bí mìlílítà 70. Ẹ mọ agolo tòmátì kékeré, èyí tó kéré jù lórí àtẹ? Ẹ̀kún rẹ̀ kan ni. Bí ilẹ̀kùn kò bá wá pa dé dáadáa, díẹ̀ nínú ẹ̀kún agolo yẹn á padà sókè síbi tó ti wá. Ìyẹn ni jíjò. Nígbà tí ohun tó ń padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bá tó mìlílítà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwa dókítà á ní ó ti le gan-an. Ẹ rò ó wò: agolo kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ń ṣẹ́rí padà nígbàkúùgbà tí ọkàn bá lù, lọ́sàn-án, lóru. Kí ara tó rí ti ara gbà, àfi kí yàrá ìsàlẹ̀ ṣiṣẹ́ ìlọ́po méjì.

Báwo la ṣe ń mọ iye tó ń padà? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dí. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé lé Táyé láyà kì í wọn ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀yin ṣe ń wọn gaàrí. Ó ń fi ìró tí etí èèyàn kò lè gbọ́ ránṣẹ́ sínú àyà, ó ń gba ìró náà padà, á wá fi àwọ̀ kun ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń sáré: pupa fún èyí tó ń bọ̀ wá bá a, búlúù fún èyí tó ń sá lọ, àdàlú àwọ̀ fún èyí tó ń ru gùdù. Bí ilẹ̀kùn bá ń jò, ẹ ó rí àwọ̀ tó ń tú pìyàà bí iná nínú yàrá òkè. Ojú á kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Bí àwọ̀ náà bá tóbi, a ó ní «háà». Bó bá kéré, a ó ní kò sí wàhálà. Àṣìṣe tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa nìyẹn. Eré ni àwọ̀ ń fi hàn, kò fi iye hàn. Bí ẹni tó ń yà á bá yí bọ́tìnì kan báyìí, àwọ̀ á wú. Bó bá yí i padà, á sún kì. Bí ẹ̀rù bá ń ba ọmọ, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, jíjò á pọ̀ sí i lójú ẹ̀rọ; bí oògùn bá ti mú ìfúnpá náà wálẹ̀, á dín kù. Ilẹ̀kùn kan náà ni, ọmọ kan náà.

Ìyá Ìbejì, ẹ wo kẹ́ẹ̀gì epo pupa tó ń jò nídìí. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ yanrìn, á fa epo mu, àbàwọ́n á kéré. Bó bá jẹ́ sìmẹ́ǹtì, á ṣàn títí dé ẹnu ọ̀nà. Ọlọ́jà tó bá fi àbàwọ́n ilẹ̀ ṣírò òfò rẹ̀ kò ní í mọ ohun tó sọnù. Ihò ló yẹ kó wò, kó sì gbé kẹ́ẹ̀gì náà wò bóyá ó ti fúyẹ́.

Àwọn tó kọ «VC 6 mm» wo ihò. Lẹ́tà méjì yẹn ni orúkọ tí à ń pe ọrùn jíjò náà, ibi tó ti tín-ín-rín jù bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba àárín ewé ilẹ̀kùn kọjá. Bí ọrùn náà kò bá tó mìlímítà 3, tó kàn nípọn díẹ̀ ju igi ìṣáná lọ, jíjò kékeré ni. Bó bá tó mìlímítà 7, tí pẹ́ńsùlù ọmọléèwé lè gba ibẹ̀ kọjá, ó ti le. 6 ti Táyé wà láàárín, ó sì sún mọ́ pẹ́ńsùlù ju ìṣáná lọ. Ọmọ tó ṣì ń dàgbà ni, a sì gbọ́dọ̀ fi bí ara rẹ̀ ṣe tóbi tó wé ohun tí a bá wọ̀n, nítorí ọkàn àgbàlagbà la fi ṣe ìwọ̀n tí mo sọ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí i pé ẹni tó kọ 6 ti ṣe ju kó kàn wo àwọ̀ lọ. Ìwé àkọ́kọ́ kò kọ ìwọ̀n kankan. «Grade 2» nìkan ló kọ. Lórí kí ni ó gbé e kà? Kò sọ.

Mi ò fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín o. Èmi náà ti ṣe é rí. Ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ọkàn, obìnrin aláṣọ kan wá bá mi lọ́sàn-án gangan, èrò kún ìta fọ́fọ́. Mo gbé ẹ̀rọ lé e láyà, mo rí àwọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ yàrá òkè bí ejò tó ń fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo kọ «fuite minime», ìyẹn jíjò bíńtín, mo ní kó máa lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹta, wọ́n gbé e padà wá. Ìjókòó ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí mẹ́ta ló to sẹ́yìn, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kó mí. Ọ̀gá mi, àgbà ọkùnrin tí kì í pariwo mọ́ ènìyàn, gbé àwòrán tí mo yà jáde, ó ní kí n wò ó. Mo ní mo ti wò ó. Ó ní, «Omi lo wò, o ò wo ògiri.»

Nígbà òjò, omi tó bá já láti orí páànù sáàárín àgbàlá, gbogbo ilé ló ń gbọ́ ariwo rẹ̀. Èyí tó ń rọra gba ara ògiri sọ̀ kalẹ̀ kì í pariwo, ọjọ́ tí ògiri bá wó la ó tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ yàrá lọ: ògiri á fà á mọ́ra, àwọ̀ rẹ̀ á tẹ́ pẹlẹbẹ, á sì dà bí ẹni pé kò tó nǹkan. Obìnrin yẹn yè, wọ́n tún ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ ṣe nílẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà n kì í kọ «minime» láìwo ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà forí lé. Irú àrùn tó jọ pé ó mú Táyé, èyí tó ń fi oríkèé wíwú bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní «rhumatisme articulaire aigu», sábà máa ń fa irú jíjò yìí gan-an. Ewé ẹ̀yìn á gan, kò ní lè gbéra bó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ á sì gba ẹ̀yìn yàrá lọ. Ẹ bi àwọn tó máa yà á lẹ́ẹ̀kan sí i pé: «Ṣé àárín ló gbà, àbí ó rọ̀ mọ́ ògiri?» Ẹ má bẹ̀rù láti béèrè. Bójú ẹni tẹ́ ẹ bi bá le, ẹ tún un bi í.

Ó wá ku «OG dilatée». Yàrá òkè apá òsì ti fẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Yàrá yẹn kì í déédéé fẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń padà wá bá a ló ń fẹ̀ ẹ́, bí ikùn àpò tí a ń rọ gaàrí sí léraléra ṣe ń ràn, ọ̀rọ̀ oṣù tàbí ọdún sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì náà wò nìyẹn. Bí jíjò Táyé bá kéré lóòótọ́ lọ́sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, yàrá náà ì bá má tíì fẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní ìwé kejì ló sún mọ́ òótọ́, tí mo sì fi gbà pé jíjò náà ti wà bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ ń pè é ní kékeré.

Èyí tó lè ṣì yín lọ́nà jù nínú ìwé náà ni «FE 68 %». Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti sọ fún yín pé ọkàn rẹ̀ lágbára. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú ẹ̀jẹ̀ 100 tó wà nínú yàrá ìsàlẹ̀, 68 ló ń jáde tí ọkàn bá lù. Ṣùgbọ́n jáde lọ síbo? Apá kan ń lọ sí ara, apá kan ń gba ilẹ̀kùn tó ń jò padà sókè, ibẹ̀ kò sì nira láti tì í sí. Nítorí náà ọkàn tó ń jò lọ́nà yìí máa ń gba máàkì tó ju agbára rẹ̀ lọ. Fún ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò jò, 60 kò burú rárá. Fún ẹni tí tiẹ̀ ń jò gan-an, bí FE bá ti wá sí 60 tàbí tó rẹlẹ̀ sí i, àwọn oníṣẹ́ abẹ ọkàn á ti jí gìrì, kódà bí aláìsàn bá ní òun kò mọ nǹkan kan lára. Bákan náà bí yàrá ìsàlẹ̀ àgbàlagbà bá ṣì fẹ̀ tó mìlímítà 40 lẹ́yìn tó ti fún ara rẹ̀ pọ̀ tán. 68 Táyé kò tíì débẹ̀, inú mi sì dùn sí i. Ẹ kàn má fi sinmi ni.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Ẹ kó ìwé méjèèjì pọ̀ sínú àpò kan, ẹ má ju ti àkọ́kọ́ nù. Ẹ mú wọn lọ bá dókítà ọkàn, ọ̀kan ṣoṣo, kí ó máa rí Táyé lọ. Kí wọ́n tún àwòrán yà lẹ́yìn oṣù mélòó kan níbi tí wọ́n ti ya ìkejì, lórí ẹ̀rọ kan náà bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n kọ ìfúnpá rẹ̀ ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì rú wọn lójú, wọ́n lè gba ọ̀fun fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wo ọkàn láti ẹ̀yìn. Kò dùn ún ṣe, ṣùgbọ́n ó máa ń yanjú àríyànjiyàn. Ohun tí ẹ ti ń fojú rí nílé sì ṣe pàtàkì bíi ti ẹ̀rọ. Àpò gaàrí tí Táyé ń sọ kalẹ̀ lágbedeméjì ọ̀nà, ẹ sọ ọ́ fún dókítà bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi. Ìbejì rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ oúnjẹ kan náà, tó ń ru irú àpò kan náà délé, ìwọ̀n wo ló tún dára ju ìyẹn lọ? Bó bá wá di pé ìrọ̀rí kan ò tó o mọ́ lóru, tí ikọ́ ń jí i, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tàbí tí àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì láìtẹ̀lé ara wọn, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.

(N kò lè má sọ ọ́: ní 1953, ní ìlú Lund ní Sweden, dókítà kan tó ń jẹ́ Inge Edler ń wá bí òun yóò ṣe mọ ipò ilẹ̀kùn yìí gan-an kí wọ́n tó la àyà aláìsàn. Òun àti Hellmuth Hertz lọ yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo irin ní ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, bóyá irin náà ti sán nínú. Òun ni wọ́n gbé lé àyà ènìyàn. Ibẹ̀ ni àwòrán tí ẹ sanwó rẹ̀ ní Kútọnu ti bẹ̀rẹ̀.)

Ní ti abẹ́rẹ́: ẹ má dá a dúró. Ẹ sọ fún aládùúgbò yín pé Màmá Dókítà kí i. Kòkòrò tó ń mú ọ̀fun dun ọmọ ló ń bẹ̀rẹ̀ àrùn yìí. Ara á gbé ogun tì í, ogun náà á sì ṣìnà kan oríkèé, á kan ọkàn. Oríkèé á san, ewé ilẹ̀kùn kì í sábà bọ̀ sípò bẹ́ẹ̀. Bí kòkòrò yẹn bá tún padà wá, ogun náà á tún jà, ewé náà á tún jóná sí i. Abẹ́rẹ́ pẹnisilíìnì ọlọ́jọ́ pípẹ́ yẹn, tí wọ́n ń gún lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin, ló ń dènà rẹ̀. Kò lè dí ihò tó ti wà, ṣùgbọ́n òun ni kò ní jẹ́ kí 6 di 8. Ti ara tó ń gbóná kọ́ là ń sọ. Fún ọmọ tí ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ ti ń jò, ó kéré tán ọdún mẹ́wàá ni, ẹlòmíràn á gbà á títí di ọmọ 40 ọdún. Ó pọ̀, mo mọ̀. Ó sì ń dunni, mo gbà. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ mú ìgò rẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́, kó rọra tì í wọlé, kó sì bi dókítà bóyá òun lè po oògùn tó ń pa ìrora mọ́ ọn.

Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n gbọ́ àyà Kẹ́hìndé náà. Ẹní kan náà ni wọ́n ń sùn.

*Zẹ́mìjàn ni mò ń wà ní Àjàṣẹ́ níbí, ẹni ọdún 45 ni mí. Wọ́n yẹ̀ mí wò nítorí àyà tó ń já mi, ìwé mi sì sọ pé «fuite tricuspide minime». N kò lè sùn mọ́. Ṣé wọ́n máa là mí láyà ni?*

Ẹ sùn, ẹ̀gbọ́n. Ilẹ̀kùn apá ọ̀tún ni wọ́n ń sọ, jíjò bíńtín níbẹ̀ sì wà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ọkàn wọn le koko. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ lé èmi náà láyà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí i. Bí yàrá ọkàn yín kò bá fẹ̀, tí ìfúnpá inú ẹ̀dọ̀fóró sì dára, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń là. Iye kọfí tí ẹ ń mu kí ẹ tó gun ọ̀kadà lóròòwúrọ̀ ló yẹ ká jọ sọ, torí lẹ́tà yín kò dárúkọ rẹ̀, mo sì mọ àwọn ẹgbẹ́ yín.

*Ṣábẹ̀ẹ́ ni bàbá mi wà, iṣu ló ń gbìn, ó ti lé ní ọdún 65. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, FE rẹ̀ jẹ́ 30 %, wọ́n sì tún kọ «IM fonctionnelle». Ẹ̀gbọ́n mi ní ká kówó jọ ká lọ pààrọ̀ ilẹ̀kùn náà. Ẹ ràn wá lọ́wọ́.*

Ọmọ ilé wa, ẹ kú ilé, ẹ bá mi wo àwọn òkè yẹn. Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n yín fi owó náà sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ bàbá yín yàtọ̀ sí ti Táyé. Ti Táyé, ilẹ̀kùn ló bàjẹ́ tó sì ń da ọkàn láàmú. Ti bàbá, ọkàn ló rẹ̀, ó fẹ̀, ó wá fa férémù ilẹ̀kùn ya, ewé méjèèjì kò bá ara wọn pàdé mọ́. Ewé náà lè má ní nǹkan kan tó ṣe é. Bí a bá pààrọ̀ ilẹ̀kùn tí a kò tọ́jú ògiri, kí la ṣe? Oògùn ọkàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún un dé ìwọ̀n tó yẹ, kí ó sì máa lò ó láìfò ọjọ́ kan. Nígbà mìíràn yàrá náà á sún kì díẹ̀, jíjò á sì dín kù fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni kí wọ́n tún un yà, ìgbà yẹn la tó lè mọ bí ó ṣe le tó. Ẹni tó bá ń gbọ́únjẹ fún un, kó dín iyọ̀ kù, kó sì dín magí kù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ra ìwọ̀n tí ènìyàn ń gùn. Láràárọ̀, tó bá ti tọ̀ tán, kó tó fẹnu kan ẹ̀kọ, kó gùn ún, kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Bó bá fi kílò méjì wúwo sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ni, kì í ṣe iṣu. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.